Gìtá Tó Ń Ka Ení, Èjì, Ẹ̀ta

Ohun méjì ni Ìyá Mítà kì í fara mọ́: kí ènìyàn ju wáyà tó ṣì dára nù, àti kí ènìyàn sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ láì tíì wọ̀n ọ́n. Nítorí èyí kejì ni àwọn oníbàárà ṣe sọ ọ́ ní orúkọ náà. Bí o bá gbé fáànù wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí o ní, "Ìyá, ó ti kú o," á wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á ní, "Ta ló sọ fún ọ? Ṣé ìwọ ni dókítà rẹ̀?" Lẹ́yìn náà ni á fa mítà rẹ̀ yọ, á fi kan wáyà, á ka nọ́ńbà tó bá jáde, á sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan kí ó tó fọwọ́ kan sikurudiráfà.

Nítorí náà, ní àárọ̀ Mọ́ńdè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbé àpótí gìtá wọlé, tó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹrù tó ti sú u, tó sì ní, "Ọwọ́ mi ti kú," ìdáhùn kan náà ló gbà.

"Ta ló sọ fún yín, Bọ̀dá?"

"Etí mi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná."

"Kí lo fẹ́ wọ̀n? Ọwọ́ mi?" Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i. "Óyá, wọ̀n ọ́n. Omi gbígbóná ni mo fi ń rẹ ẹ́ láràárọ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá, bóyá wàá bá ẹ̀mí díẹ̀ níbẹ̀."

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n náà lẹ́nu iṣẹ́, onígìtá ni lọ́kàn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀ láti ìgbà èwe, orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ sì ni wọ́n ń kọ: orin onígìtá tó nípọn, tó ń ha díẹ̀ bí ohùn ẹni tó ti ń pariwo láti àárọ̀ tí kò sì tíì rẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà fi tẹ̀lé e wọlé. Onígbàjámọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí orí ló ń fá láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á wá fi ọwọ́ kan náà lu ìlù fún ẹgbẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló dì mọ́wọ́.

"Ìyá Mítà, má tíì dá a lóhùn," ó ní. "Gbọ́ èyí ná."

Ó ki kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò àtijọ́ tó wà lórí pẹpẹ. Orin tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ni, ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Ó yí i kọjá ariwo ìbẹ̀rẹ̀, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ohùn gìtá jáde. Ó nípọn, síbẹ̀ ó hàn kedere. Bí ọwọ́ bá le lórí okùn, á ha bí ìgbà tí a ń ya aṣọ titun. Bí ọwọ́ bá rọ̀, híha náà á lọ, á wá ku ohùn kan tó mọ́ bí omi inú ife. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń mí.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹni tó ń ta gìtá yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

"Ṣebí inú ara rẹ ló ń gbé," Onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. "Àbí o ti lé e jáde?"

"Ó kó jáde fúnra rẹ̀. Kò sì fi àdírẹ́sì sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn. Sátidé ni ìdánrawò wa. Tó bá di ọjọ́ náà tí ohùn yìí ò bá padà, màá gbé gìtá sínú àpótí, màá ti kọ́kọ́rọ́ sí i, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kò sí ìjà níbẹ̀. Mi ò kàn fẹ́ máa fi orúkọ ẹni tí mo jẹ́ nígbà kan jẹun mọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Mítà lára. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n yìí ló kan ìṣó méjì mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wọn, tó na wáyà kan láàárín wọn, tó ta á, tí ilẹ̀kùn sì kọrin. Ó bi í pé, "Bọ̀dá, níbo ni ohùn yẹn wà kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà?" Ẹ̀gbọ́n náà ronú títí, ó ní, "Mi ò mọ̀. Wá a, tó o bá rí i kó o sọ fún mi." Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá a. Ìbéèrè yẹn ló sọ ọ́ di oníwáyà. Bí ẹni tó gbin ìbéèrè náà sí i nínú bá wá ti gìtá mọ́ àpótí, tí ó sì lọ jókòó sílé pẹ̀lú omi gbígbóná, kí ni ó ku tí òun ń wọ̀n?

"Ẹ fi gìtá sílẹ̀ fún mi," ó wí. "Sátidé ṣì jìnnà."

Ẹni tí kò bá mọ gìtá oníná lè rò pé igi rẹ̀ ló ń dún. Igi náà nìkan kò lè jí ọmọ tó ń sùn. Lábẹ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni àpótí pẹlẹbẹ méjì wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀. Òòfà wà nínú wọn, wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ sì wé yí i ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá gbọ̀n lókè òòfà, iná kékeré á sáré nínú wáyà náà, á gba okùn dúdú lọ sínú áńpílífáyà, ibẹ̀ ló ti ń di ohùn. Píkọ́ọ̀pù ni àwọn olórin ń pè é. Etí ni Ìyá Mítà ń pè é, nítorí, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń wí, okùn ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń gbọ́. Bí etí bá sì ṣe gbọ́ ni ẹnu á ṣe wí.

Kò sí ọ̀gá kankan tó jókòó tì í kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò fojú rí rí ló ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́: ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlélógún, oṣù kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á kà á lórí tábìlì ìdáná nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé ìwé, á dáhùn ìbéèrè, á fi ránṣẹ́ padà, wọ́n á fi báírò pupa máàkì rẹ̀. Ọdún méjì gbáko, kò sì jẹ́ kí ìdáhùn kan pẹ́ rí. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lókè agolo ìda tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, níbi tó ti ń ri gbogbo etí tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, ni ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ gbólóhùn kan láti inú ẹ̀kọ́ kẹrìnlá: ETÍ TÍ A KÒ BÁ RÌ SÍNÚ ÌDA, A KÒ TÍÌ PARÍ RẸ̀.

Ó tú gìtá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi mítà kan etí tó wà nítòsí ọrùn gìtá: ẹgbẹ̀rún méje àti ẹgbẹ̀ta óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná. Lábẹ́ etí náà ni ó rí bébà pélébé tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tó tún un ṣe. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára rẹ̀, kò fi ẹyọ kan lé, kò fi ẹyọ kan dín. Etí kejì náà bẹ́ẹ̀. "Kò sí ohun tó ṣe yín," ó sọ fún àwọn etí náà, ó sì yà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nọ́ńbà ti sọ̀rọ̀. Tí àìsàn ò bá sí lára èyí, a jẹ́ pé irú etí mìíràn ni ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì ń fẹ́.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Onígbàjámọ̀, ó sì fi aṣọ dúdú dí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú kí ó má baà mọ irú etí tí òun fi sí gìtá náà.

"Ṣé a fẹ́ jí i gbé ni?" Onígbàjámọ̀ bèèrè. "Ta ló máa wá rà á padà?"

"Bọ̀dá, orin kan náà ni kí ẹ máa ta. Ẹ má fi ohunkóhun kún un."

Èyí tó lágbára jù lọ ló kọ́kọ́ fi sí i, tí wáyà rẹ̀ pọ̀ débi pé mítà kà á sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bèèrè. Èrò wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ pariwo, kó ra ariwo. Ẹ̀gbọ́n ta á, fèrèsé mì. Ohùn náà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n yálà ọwọ́ le tàbí ó rọ̀, bákan náà ló ń dún.

"Ó dà bí ẹni tó ń fi ẹnu kíkún sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí láti abẹ́ aṣọ.

"Tí kò sì ní dákẹ́ láti gbé e mì," Onígbàjámọ̀ fi kún un.

Ó yọ ọ́. Ó fi tóóró kan sí i, èyí tí òòfà rẹ̀ kò ní ju ìdì wáyà kan lọ. Èyí mọ́ roro, ó sì ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí eṣinṣin inú ìgò.

"Ó dára o," Onígbàjámọ̀ ní, "fún ẹni tó bá fẹ́ fi ro etí."

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí Ìyá Mítà kíyè sí, tí kò sì sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ń bèèrè ìdí tí tóóró fi ń kùn tí onídì méjì kì í kùn, ó ń fi ìka kan òòfà wò. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kò dúró kí a pè é. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí àbúrò rẹ̀ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Kí la fẹ́ gbọ́ lónìí?"

Oríṣi kẹta ló fẹ́ gbọ́. Àwọn wọ̀nyí jọ ti gìtá náà gan-an: ìdì wáyà méjì méjì, òòfà tí kò lágbára jù, nọ́ńbà wọn kò jìnnà sí ẹgbẹ̀rún méje àti ẹgbẹ̀ta. Ìgbà tí Ìyá Mítà tú ìdí wọn, ó rí i pé wáyà inú wọn gbẹ, ẹni tó ṣe wọ́n kò fi ìda sí i. Ó pòṣé. "Iṣẹ́ àìparí," ó wí, ó sì rì wọ́n sínú agolo fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìda lè wọ àárín wáyà, kí ó dì wọ́n mú. Wáyà tí a kò bá dì mú á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, bí áńpílífáyà bá sì ń pariwo, etí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Bí ìda ṣe tutù, ó fi wọ́n sí gìtá.

Ẹ̀gbọ́n ta á. Ó tún un ta. Àbúrò rẹ̀ gbé etí náà sókè sún mọ́ okùn, òòfà fa okùn, ohùn ń gbọ̀n. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ohùn náà rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó fi í sí àárín.

"Èyí sún mọ́ ọn," ni ẹ̀gbọ́n wí. Inú Ìyá Mítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dùn ni ọkùnrin náà ṣí ojú rẹ̀. "Ó sún mọ́ tèmi. Tèmi ti ìsinsìnyí. Ó dà bí ẹni pé ìrọ̀rí wà lẹ́nu rẹ̀." Ó rọra gbé gìtá kalẹ̀. "O ṣeun, àbúrò mi. O ti gbìyànjú. Ọwọ́ náà ni."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀bù dá. Ìyá Mítà jókòó ti rédíò, ó yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà dé ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, kì í ṣe ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti rò ó pé kò sẹ́ni tó máa fi kásẹ́ẹ̀tì ṣòfò lórí ariwo lásán. Bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan gbọ́ ọ.

Ìró bàtà. Àga tó ń wọ́. Ẹnì kan wúkọ́, láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wí pé: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin," orin sì bẹ̀rẹ̀.

Ó yí i padà. Ikọ́ náà jìnnà, ó sì ṣe fẹ́ẹ́. Bí ikọ́ ènìyàn ṣe ń dún nínú yàrá ni. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń ka nọ́ńbà sún mọ́ etí, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ha. Ó ha bí gìtá ṣe ń ha. Ó tún un gbọ́ nígbà mẹ́sàn-án. Nígbà kẹsàn-án, ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó kọ ọ́ pé: Ta ló ń kà? Ọ̀nà wo ló gbà wọlé?

Ó gbé rédíò náà mọ́ra, ó kọjá sí òdìkejì títì, sí ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀. Orí oníbàárà kan wà lábẹ́ abẹ, ó ti fá ìdajì.

"Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ gba orin yìí sílẹ̀, máíkì mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ káàsán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ, Ìyá Mítà."

"Ẹ káàsán. Máíkì mélòó?"

"Mẹ́ta. Ọ̀kan níwájú ìlù mi, ọ̀kan níwájú gìtá béèsì, ọ̀kan níwájú áńpílífáyà gìtá. Orin aláìlóhùn ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọrin níbẹ̀."

"Ta ló wá ń ka ení, èjì?"

Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, abẹ lọ́wọ́. "Gìtá ni! Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. O ò rántí? Ó máa ń tẹ orí ba gìtá, á fi ẹnu ko ibi tí etí rẹ̀ wà, á wá kà, ohùn á sì jáde lẹ́nu áńpílífáyà. Bó bá dé iwájú èrò pàápàá, á ní, 'Gìtá, kí wọn!' Gìtá á ní, 'Ẹ kúulé o!' Àwọn ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín."

"Kí ló dé tí wọn ò ṣe é mọ́?"

Ọkùnrin náà dúró, ó ń ronú. "Lóòótọ́ o. Ọjọ́ kan ló tẹ orí ba, ó kí wọn, gìtá ò dáhùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé, ohùn rẹ̀ ti lọ. Kò ṣe é mọ́ láti ìgbà náà." Ó fi abẹ họ àgbọ̀n ara rẹ̀. "Á tó ọdún mẹ́wàá. Mọ́kànlá."

"Ẹ jọ̀wọ́," ni oníbàárà náà wí láti orí àga, "ṣé ìdajì yìí ni mo máa gbé lọ sílé?"

Ìyá Mítà ti jáde.

Kò jókòó kí ó tó ṣí ìwé. Ìwé ti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ìwé àkọ́kọ́, ojú ewé àkọ́kọ́. Iṣẹ́ àkọ́ṣe rẹ̀ ni, lọ́sẹ̀ tí ìwé ẹ̀rí dé. Ó mọ ọwọ́ ara rẹ̀: Gìtá Bọ̀dá. Bọ́tìnì kan ló tú, mo ti dè é. Mo ṣàkíyèsí pé ó ń han. Mo ri etí méjèèjì sínú ìda, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Igbe ti dákẹ́. Ó parí. Ó fi rúlà fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fi etí àtijọ́ náà padà sí gìtá, ó so ó mọ́ áńpílífáyà, ó tẹ orí ba. "Ení," ó wí. Áńpílífáyà dákẹ́. Ó kígbe, "Ení!" débi pé ajá tó wà níta gbó. Áńpílífáyà kò sọ nǹkan kan.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Wáyà tí a kò dì mú ló ń gbọ̀n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igbe nìkan ló ń mú un gbọ̀n. Igi tó ń mì ń mú un gbọ̀n, ọwọ́ tó ń fara kan gìtá, ohùn ènìyàn, èémí. Ìyẹn ni ohun tó ń mí nínú kásẹ́ẹ̀tì. Mítà kò lè rí i, nítorí pé yálà a dì í mú tàbí a kò dì í, gígùn wáyà náà kò yí padà. Mẹ́ta ni irú etí tó tò kalẹ̀ fún ìdánwò láti ọjọ́ Túsìdeè, kò sì sí ọ̀kan tí kò gba inú agolo òun kọjá. Ó wo gbólóhùn tó wà lára ògiri, ojú tì í bí ẹni tí wọ́n fi báírò pupa fagi lé iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì.

Ní Fúráìdè, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kò ju òòfà àtijọ́ nù. Ó yọ wọ́n, ó nù wọ́n títí ìda fi tán lára wọn, ó sì wé wáyà titun sára agbọ̀n kéékèèké tó ń gbé ìdì wáyà ró, méjì nínú etí kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lápapọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìyípo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka méjì darí wáyà náà bí ẹ̀rọ ṣe ń yí i. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọwọ́ rẹ̀ na lọ sí agolo ìda láì jẹ́ pé òun rán an. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pa iná abẹ́ agolo. Ó wọn àwọn etí náà: ẹgbẹ̀rún méje àti ẹgbẹ̀ta. Nọ́ńbà kan náà, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.

Nígbà tó ń jó wáyà tó gbẹ̀yìn mọ́ ibi tó yẹ, èrò kan wá sí i lọ́kàn, ó sì dùn: ta ló máa mọ̀? Bọ̀dá á gbọ́ ohùn, inú rẹ̀ á dùn, wọ́n á ní Ìyá Mítà ti ra etí tó dára. Òun kò ní purọ́. Òun á kàn dákẹ́ ni. Ó rò ó títí wáyà fi tutù. Lẹ́yìn náà, ó fi ìwé àkọ́kọ́ náà sínú báàgì.

Inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ti ẹ̀gbọ́n ni ẹgbẹ́ náà ti ń dánrawò, láàárín pákó àti eruku igi. Nígbà tí Ìyá Mítà dé ní Sátidé, gbogbo wọn ti pé. Kọ́kọ́rọ́ àpótí gìtá wà lórí tábìlì ìrẹ́pákó, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

"Bọ̀dá, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ ka ibí yìí."

Ẹ̀gbọ́n fi awò sójú. Ó kà á síta, díẹ̀díẹ̀, títí dé "Ó parí." Ó gbójú sókè. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ yín ò kú. Ìda ni mo fi dí gìtá yín létí. Láti ìgbà náà, kò gbọ́ yín dáadáa mọ́. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n tún ojú ewé náà kà, ó fọwọ́ lé ilà méjì tí a fi rúlà fà.

"Ṣé mo ní kó o pa igbe yẹn?"

"Rárá. Bọ́tìnì tó tú ni ẹ ní kí n bá yín dè."

"Ọdún mọ́kànlá," ó wí. "Láràárọ̀ ni mò ń rẹ ọwọ́ yìí."

"Ó kéré tán, ó mọ́," ni Onígbàjámọ̀ wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ó sì bojú wo igi ìlù ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbé gìtá kọ́rùn. Ó ki okùn dúdú bọ̀ ọ́, ó ṣí áńpílífáyà. Igbe kan ta jáde, ó han gooro débi pé oníbéèsì fọwọ́ dí etí. Ìyá Mítà sáré na ọwọ́ láti pa á.

"Fi sílẹ̀!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n sún ìṣísẹ̀ kan sí òsì, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí áńpílífáyà, ó tún sún ìdajì ìṣísẹ̀. Igbe náà rọlẹ̀, ó di ohùn kan ṣoṣo tó gùn, tó nípọn, tó ń mí.

"Igbe yẹn ló máa ń sọ ibi tí mo máa dúró sí fún mi," ó wí. Ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ó pẹ́ tí mi ò ti mọ ibi tí mo máa dúró sí."

Ó tẹ orí ba díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ó fi ẹnu sún mọ́ okùn.

"Ìyá Mítà," ni gìtá wí láti inú áńpílífáyà, pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ha. "Jókòó."

Kò sí àga. Ó jókòó lórí àpótí gìtá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin inú kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn náà dé, bí ẹni tó rìnrìn àjò padà tí kò gbàgbé ilé: ó ha nígbà tí ọwọ́ le, ó mọ́ nígbà tí ọwọ́ rọ̀, Ìyá Mítà sì ń gbọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń fara kan igi láàárín ohùn kan sí èkejì. Ó rí i pé òun ti ń na ọrùn sí i, bí ìgbà tó na ọrùn sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí orin dé àárín, ìka ẹ̀gbọ́n tàsé okùn, ohùn kan já sí ibi tí kò yẹ. Gbogbo wọn dúró, wọ́n wo ojú rẹ̀.

"Ìyẹn, ọwọ́ mi ni," ó wí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́? Ọwọ́ mi nìyẹn! Kì í ṣe gìtá. Mo mọ èyí tó jẹ́ tèmi."

"Bọ̀dá, ṣé kí n..."

"Má dìde. Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Lẹ́yìn orin ni mo máa bínú, má ṣe lọ sílé. Ẹ jẹ́ ká tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ gbé igi ìlù méjèèjì sókè láti kà wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ dá a dúró, ó sì tẹ orí ba.

"Ení," ni gìtá wí.